Bí a ṣe ń ná ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní sítáǹdì l'Iléṣà

Ẹni tó bá sọ fún onísítáǹdì pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé e díẹ̀" ti jẹ́ kó mọ̀ pé òun ò mọ ohun tí òun ń ná. Onítọ̀hún á yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta kúrò, á ní nítorí Ọlọ́run lòun ṣe ṣe é, oníbàárà á sì máa dúpẹ́ lọ sílé. Ohun tó ń já owó ọkọ̀ wálẹ̀ ni àléébù tí ẹ fojú rí, tí ẹ fọwọ́ kàn, tí ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń tún un ṣe. Táyà tó ti gbó ní iye tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tó ń jò ní iye tirẹ̀. Ìwé tí kò pé nìkan ni kò ní iye tí a lè fi dí i.

Iléṣà nìyí o, ìlú Òṣómàáló. Àwọn baba ńlá wọn a máa ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó á fi jáde. Ẹ má retí pé ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni sùúrù á kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi odidi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ọkọ̀ kan. Ẹni tó fẹ́ rà á láàárín wákàtí kan kó tó lọ síbi òde ni wọ́n ń gbàdúrà pé kó wọlé.

Iye tí ẹ máa gbé lọ́kàn

Ẹ wo irú ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà, ní sítáǹdì mẹ́ta ó kéré tán: ọ̀kan l'Iléṣà, ọ̀kan n'Ifẹ̀, ọ̀kan l'Óṣogbo. Iléṣà sí Ifẹ̀ kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ, owó epo tí ẹ bá jó síbẹ̀ kò ní dùn yín. Ẹ wo ti orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, àmọ́ iye ìpè ló wà níbẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n tà á. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye tí irú rẹ̀ ń lọ l'Ékòó, nítorí pé láti Èkó ni wọ́n ti ń wa ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wá síbí. Ẹ fi owó epo àti owó awakọ̀ kún iye Èkó yẹn. Ohun tí ẹ bá rí kò ní jìnnà sí iye tí ọkọ̀ náà náni tó ń tà á. Ohun tó bá lé lórí rẹ̀, èrè ni, èrè náà la sì wá ná.

Àwọn onísítáǹdì kì í sábà fi ọdún pe ọkọ̀, orúkọ àdàpè ni wọ́n ń lò: Camry Pencil, Big Daddy, Muscle, Honda End of Discussion, Evil Spirit. Orúkọ kan ń kó ọdún mélòó kan pọ̀, ibẹ̀ sì lowó ti ń bọ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Muscle, tó jẹ́ Toyota Camry, bẹ̀rẹ̀ láti 2007, ó dé 2011. Èyí tó jẹ́ oní-sìlíńdà mẹ́rin láàárín 2007 sí 2009, ẹ́ńjìnnì 2.4 ló ní, gbogbo mẹkáníìkì ló sì mọ̀ ọ́n sí amuọ́ìlì, torí ríǹgì písítìn rẹ̀ máa ń dí. Ní 2010 ni wọ́n gbé 2.5 sínú rẹ̀. Ọkọ̀ méjèèjì jọra bí ìbejì lójú ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, àmọ́ ẹni tó bá san owó 2010 sórí 2008 ti ra ọkọ̀, ó tún ti ra kègi ọ́ìlì mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè ọdún ọkọ̀. Nọ́ńbà ṣáásì ni kí ẹ bi. Ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lápá ọ̀dọ̀ dẹrẹ́bà, ó sì tún wà lára òpó ilẹ̀kùn dẹrẹ́bà. Àmì mẹ́tàdínlógún ni. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀; tí ẹ bá rí ọ̀kan, wọ́n ti fọwọ́ kan nǹkan. Lórí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012. Àmì àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti tò ó: 1, 4 tàbí 5 jẹ́ Amẹ́ríkà, 2 jẹ́ Kánádà, J jẹ́ Japan, W jẹ́ Jámánì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ sílé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí Google. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé ló kọjá ní gbàǹjo, àwòrán ọjọ́ gbàǹjo náà sì máa ń wà níbẹ̀. Ẹ lè rí i pé iwájú tó ń dán gbinrin lónìí ti rún jégéjégé nígbà kan rí. Tí ẹ bá rí i, ẹ tọ́jú àwòrán náà sórí fóònù yín, ẹ má tíì sọ̀rọ̀.

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tí ẹ ò tíì sanwó fún, onísítáǹdì lè sanwó fún un. Tí ẹ bá wọlé tí wọ́n sì ń fi orúkọ ìnagijẹ pe mẹkáníìkì yín, ẹ fura.

Ta ló ni ọkọ̀ náà?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: "Ẹ̀yin lẹ ni í, àbí wọ́n gbé e fún yín tà ni?" Tó bá jẹ́ ti onísítáǹdì fúnra rẹ̀, òun ló láṣẹ, ẹ lè parí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló gbé e síbẹ̀, iye kan wà tí olówó ọkọ̀ ní òun fẹ́ gbà, onísítáǹdì ti lé tirẹ̀ lórí, alágbàtà tó mú yín wá náà sì ti lé tirẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pe olówó ọkọ̀ lórí fóònù lójú yín. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ṣì lè rà á, àmọ́ ẹ mọ̀ pé "owó ìkẹyìn" tí wọ́n ń pè kì í ṣe ìkẹyìn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ àdúgbò kankan tẹ̀ lé yín wọlé pé òun á bá yín sọ̀rọ̀. Kọ́míṣọ̀n rẹ̀ á jáde látinú àpò yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ onísítáǹdì ló ti máa gbà á.

Ẹ tún wo bó ṣe pẹ́ tó nílẹ̀. Ọkọ̀ tí koríko ti hù lẹ́sẹ̀ táyà rẹ̀, tí eruku ti dì mọ́ etí gíláàsì rẹ̀, tí wọ́n ní láti gbé bátìrì wá láti ibòmíì kó tó lè sọ̀rọ̀, owó ẹnì kan ti há síbẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gba ìnájà ju èyí tó dé lánàá lọ.

Àyẹ̀wò tó ń di owó

Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ má pè kí ẹ tó dé. Kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni tán, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹnì kan ti ṣáná sí i dè yín, torí pé ẹ́ńjìnnì tútù kì í lè pa àrùn mọ́ra. Ẹ ní ẹ máa padà wá lọ́la.

Tó bá tutù, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí. Tí abẹ́ rẹ̀ bá rí bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n da mílíìkì sí, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọnú ọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ ló sì sábà máa ń fà á. Ẹ má ná irú ọkọ̀ yẹn rárá, ẹ kí wọn kí ẹ máa lọ. Tó bá mọ́, ẹ ṣáná sí i, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn kó máa wo èéfín. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù jẹ́ ọ́ìlì tó ń jó. Èéfín funfun tí kò tán lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, tó sì ń rùn bí ohun dídùn, omi rédíétọ̀ ló ń jó. Dúdú jẹ́ epo tó pọ̀jù, èyí sì sábà rọrùn láti tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí rìwáyà, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, so ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àléébù mọ́ ọn. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ihò rẹ̀ lábẹ́ sítíárì. Ẹ má jẹ́ kí ó tẹ́ yín lọ́rùn pé kò sí kóòdù níbẹ̀, nítorí pé wọ́n lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ní kí rìwáyà wo apá tó ń sọ bóyá ọkọ̀ ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ bá kọ pé kò tíì parí, a jẹ́ pé láìpẹ́ yìí ni wọ́n pa kóòdù rẹ́ tàbí tú bátìrì. Ó lè jẹ́ bátìrì tuntun lásán ni wọ́n fi sí i. Ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì wo bátìrì náà.

Ní ti jíà, Iléṣà dára fún àyẹ̀wò rẹ̀, torí ìlú olókè ni. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, pẹ̀lú AC, kí ẹ sì mú un gba ọ̀nà òkè. Ẹ dúró láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ tún gbéra. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké, tí ọkọ̀ ò sì lọ, jíà ń yọ̀. Ẹ fi í sí rìfáàsì kí ẹ fi ẹ̀yìn gun òkè díẹ̀. Jíà tó ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú máa ń jẹ́wọ́ níbẹ̀. Láti P sí D, kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kí ó tó dáhùn, kò sì gbọ́dọ̀ ta yín nípàá. Ẹ wo ọwọ́ ìwọ̀n ooru nígbà tí ẹ bá padà dé. Ẹ yí sítíárì dé òpin lápá ọ̀tún, kí ẹ rọra rìn, lẹ́yìn náà lápá òsì. Tí ẹ bá gbọ́ ká-ká-ká lẹ́sẹ̀ iwájú, oríkèé tó ń yí táyà ti jẹ. Ìyẹn kì í ṣe àrùn tó ń pa ọkọ̀, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ara ọkọ̀: ẹ fi áńkáṣíìfù wé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan, kí ẹ máa gbé e lé ara rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn dé ẹ̀yìn. Ibi tí kò bá ti dì mọ́ irin, wọ́n ti fi pọ́ti kún un. Ẹ wo bóòtù tó di bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ẹsẹ̀ fẹ́ńdà mú: tí ọ̀dà orí wọn bá ti ha, sípánà ti débẹ̀. Ẹ wo igun gíláàsì kọ̀ọ̀kan, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n yẹ kó bára mu. Èyí tó bá yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kó ti fọ́ rí. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá, ẹ wo ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá rí ilà ẹrẹ̀ níbẹ̀, tàbí tí irin abẹ́ ìjókòó ti dípẹtà, omíyalé ti gbé ọkọ̀ yẹn rí, wáyà rẹ̀ ò sì ní fún yín ní ìsinmi.

Máìlì tó wà lójú dáṣíbọọ̀dù kò tó gbára lé. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá máìlì ni tàbí kìlómítà, nítorí máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.6. Lẹ́yìn náà, ẹ wo rọ́bà orí búrẹ́kì. Ọkọ̀ tó ní òun ò tíì rin ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta máìlì, tí rọ́bà búrẹ́kì rẹ̀ ti dán tí sítíárì rẹ̀ sì ti bó, irọ́ ni.

Táyà ní ọjọ́ ìbí lára. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT. 2317 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2017. Eyín rẹ̀ lè ṣì ga, kí rọ́bà ti gan.

Ìwé

Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé láti bodè orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tó bá pọ́ọ́kú lọ́nà tó yani lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà tó gbà wọlé. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé owó bodè tó ní nọ́ńbà C lórí, ẹ fi nọ́ńbà ṣáásì inú ìwé wé ti ara ọkọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń bójú tó Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wà n'Íbàdàn. Ó sàn kí ẹ rán ẹnì kan débẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé náà ju kí wọ́n dá yín dúró lọ́nà. Tí ìwé kò bá pé, ẹ má gba "á máa bọ̀". Kò sí ẹ̀dínwó tó tó fi dí ihò yẹn.

Ẹ bi wọ́n bóyá owó gbígba nọ́ńbà wà nínú iye náà. Fún ọkọ̀ tí ẹnì kan ti lò ní Nàìjíríà, orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí oníǹkan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń tà, tàbí kí ìwé àdéhùn so wọ́n pọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Owó yíyí orúkọ padà náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìṣirò.

Ìṣirò àti ìnájà

Ká ní wọ́n pe Corolla kan ní ₦6,500,000. Àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi ohun tí mẹkáníìkì yín bá sọ rọ́pò wọn.

Táyà mẹ́rin: ₦300,000
Ṣọ́ọ̀kì iwájú méjì pẹ̀lú owó iṣẹ́: ₦130,000
Kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ AC: ₦180,000
Bátìrì: ₦90,000
Àpapọ̀: ₦700,000

A jẹ́ pé ₦5,800,000 ni ọkọ̀ náà tọ́ sí lọ́wọ́ yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ o. Ìnájà níbi gbogbo máa ń fẹ́ já sí agbede méjì iye ẹni tó ń tà àti iye ẹni tó ń rà. Tí ẹ bá fẹ́ já sí ₦5,800,000 tí ìpè sì jẹ́ ₦6,500,000, ₦700,000 ló fi ga ju ibi tí ẹ ń lọ. Kí ẹ̀yin náà lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ní ₦700,000, ìyẹn ₦5,100,000. Kó rí báyìí:

"Alájì, ẹ kú ọjà o. Èló lẹ fẹ́ gbà lórí Corolla yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, mílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀. Ọkọ̀ tó mọ́ ni. Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán?"

"Ó ń dán lóòótọ́. Ẹ wá wo táyà yìí pẹ̀lú mi. 2317. Ẹ wo ọ́ìlì tó ń ṣàn lẹ́sẹ̀ ṣọ́ọ̀kì yìí. Ẹ gbé ọwọ́ síbi AC, ṣé ó tutù? Ìwé mẹkáníìkì rè é, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà. Mílíọ̀nù márùn-ún àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lowó tí mo ní fún un."

"Háà! Ẹ̀gbọ́n, owó yẹn kò gbà rárá. A máa bá yín fi gáàsì sí AC."

Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ iye yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iye ni yóò kọ́kọ́ rìn. Ẹ má sì gba "a máa bá yín tún un ṣe". Gáàsì tí wọ́n bá fi sí AC tó ń jò á tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, táyà tí wọ́n bá pààrọ̀ á jẹ́ àlòkù mìíràn. Kí wọ́n yọ owó rẹ̀, kí ẹ lọ tún un ṣe fúnra yín.

Bí ẹ bá ń gòkè, kí ìṣísẹ̀ yín máa kéré sí i: láti ₦5,100,000 sí ₦5,400,000, sí ₦5,600,000, sí ₦5,700,000. Tí ẹ bá ń fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba kún un nígbà gbogbo, Alájì á rò pé àpò náà kò ní ìsàlẹ̀. Àwòrán gbàǹjo tó wà lórí fóònù yín, ẹ fi í pamọ́ di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá há, tí wọ́n ní àwọn ò lè kúrò lójú kan mọ́. Ẹ gbé e jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìpariwo, láìpe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹni tí a bá dójú tì níwájú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ kì í gé owó mọ́, kódà kí ó gba àdánù.

Ẹ má yin ọkọ̀ náà nínú ọgbà wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ìyàwó tàbí ọmọ jókòó sínú rẹ̀ kó máa ya sẹ́ẹ̀fì. Bí ó ti wù kó wù yín tó, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Tí wọ́n bá ní ẹnì kan ń bọ̀ wá sanwó lọ́sàn-án, ẹ kí ẹni náà kú oríire. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù àti iye yín ìkẹyìn sílẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ fún un. Ọkọ̀ tí koríko ti hù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yẹn, wọ́n á pè.

Owó àti èènì

Ẹ má san àsansílẹ̀ láìkọ sínú ìwé pé wọ́n á dá a padà bí nọ́ńbà ṣáásì tàbí ìwé bodè bá já sí irọ́. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ sítáǹdì tàbí ti olówó ọkọ̀ tó wà lórí ìwé ni kí ẹ san án sí, kì í ṣe ti "àbúrò mi". Kí rìsíìtì ní nọ́ńbà ṣáásì, iye owó, ọjọ́, àti ìfọwọ́sí ẹlẹ́rìí méjì. Ọ̀pọ̀ onísítáǹdì á ní àwọn ń dúró fún ẹ́ńjìnnì àti jíà fún ọjọ́ mélòó kan. Ó dáa, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ náà, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n máa ṣe, ṣé wọ́n á gba ọkọ̀ padà ni àbí wọ́n á san owó àtúnṣe. Kí ẹ tó gbé e jáde sí ọ̀nà, ẹ ra ìwé adójútòfò ẹlẹ́nikẹ́ta (íńṣọ́ránsì third party). Láti oṣù kìíní 2023, ₦15,000 ni ti ọkọ̀ àdáni.

Èènì ò yẹ kó bọ́ níbẹ̀. Nígbà tí iye bá ti dúró, tí owó ò tíì kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ kejì, jáàkì, sípánà táyà àti sípíà, kí ẹ sì ṣí búùtù wò ó pé sípíà náà lẹ́fẹ̀ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ olójú íńmọ́bíláísà, èyí tí ọkọ̀ kì í ṣáná láìsí i, lè gba owó gidi láti ṣe, ó sì lè jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀ tábìlì Alájì níbẹ̀ ni èkejì wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ ní kí wọ́n fi jálá epo mẹ́wàá sí i.